Orí Kẹrin: Kọ̀ǹgọ́ Tí Kò Ní Ìlù

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yín, ẹ ká aṣọ tí wọ́n fi bo kíbọ́ọ̀dù kúrò, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí orí ìwé tó fẹ́ kọ́ni bí a ṣe ń yan kíbọ́ọ̀dù MIDI kọ́kọ́ ní kí èèyàn má tíì ra nǹkan kan, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń bi mí léèrè ní Ìkìrun, Inísà àti Òkukù pé irú èwo ni kí àwọn rà, ohun tí wọ́n ń wá ti wà níwájú wọn ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi.

Ihò kékeré onígun mẹ́rin ni ẹ máa wá, tí wọ́n kọ USB TO HOST sí lára. Ó wà lẹ́yìn Yamaha PSR-E373, irú rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ Casio. Wáyà tó ń wọ ibẹ̀ kì í ṣe wáyà àrà ọ̀tọ̀. Òun náà ni wọ́n fi ń so printer mọ́ kọ̀ǹpútà. Ní Òkukù, níbi tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ní ọgbà, ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ fọ́tókọ́pì àti títẹ̀wé á ní ju ẹyọ kan lọ. Ẹ yá a lọ́wọ́ wọn fún wákàtí kan. Ẹ ki orí kan bọ kíbọ́ọ̀dù, ẹ ki ìkejì bọ láptọ́ọ̀pù, kí ẹ ṣí FL Studio tàbí ohunkóhun tí ẹ fi ń ṣe orin.

Bí ẹ bá tẹ kíì kan tí ẹ gbọ́ ohùn méjì, tí kíbọ́ọ̀dù ń dún tí kọ̀ǹpútà náà ń dún, ẹ má pariwo. Ẹ wọ inú FUNCTION kíbọ́ọ̀dù náà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Local sí, kí ẹ pa á. Kíbọ́ọ̀dù á dákẹ́, kọ̀ǹpútà nìkan ni yóò máa sọ̀rọ̀. Ẹ rántí dá a padà kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀ o. Ọjọ́ tí ẹ bá gbàgbé, kọ́áyà á dìde, ẹ ó tẹ kíì, kò ní sí ohùn, gbogbo ìjọ á sì yíjú sí yín.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ní ihò yìí. PSR-E273 tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ kò ní in, kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó rọra tẹ kíì àti ẹni tó gbá a. Àwọn àgbà kíbọ́ọ̀dù tó ti pẹ́ ní ihò roboto tó ní ojú márùn-ún ní tiwọn, tí wọ́n kọ MIDI OUT sí. Ìyẹn náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ máa nílò wáyà tó ní orí roboto méjì lápá kan, tó ní USB lápá kejì. Bí ẹ bá so ó tí kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ pààrọ̀ orí roboto méjèèjì, nítorí àwọn tó ń ṣe wáyà olówó pọ́ọ́kú kì í fohùn ṣọ̀kan lórí èwo ni IN, èwo ni OUT.

Èmi kò wo ẹ̀yìn kíbọ́ọ̀dù kankan nígbà tèmi. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí ọ̀kan, oníkíì 25, iná aláràbarà ń tàn lára rẹ̀. Mo fowó ránṣẹ́, wọ́n wẹ́bíìlì ẹ̀ wá sí gáréèjì ní Ìkìrun. Mo gbé e délé, mo so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù lójúde, iná rẹ̀ tàn. Mo tẹ kíì, kò fọhùn. Mo tẹ gbogbo rẹ̀ láti òsì dé ọ̀tún, kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Bàbá onílù kan ládùúgbò wa, ọmọ Àyàn pọ́ńbélé, jókòó sábẹ́ ìgànnà, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń làágùn.

“Kí lo rà?”

“Bàbá, dùùrù ni, ṣùgbọ́n ó jọ pé wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Kò sọ̀rọ̀.”

Mo ka ìwé pẹlẹbẹ tó bá a wá sókè, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún wọn pé inú kọ̀ǹpútà ni ohùn yóò ti máa jáde, pé èyí tó wà lọ́wọ́ mi kò ní ohùn tirẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

“Àṣé kọ̀ǹgọ́ lo rà. Ìlù ẹ̀ dà?”

Láti ọjọ́ náà, mi ò tíì rí ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kíbọ́ọ̀dù MIDI, kọ̀ǹgọ́ ni. Ìlù ń bẹ nínú kọ̀ǹpútà. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983, níbi ìpàtẹ ohun èlò orin NAMM ní Amẹ́ríkà, wọ́n so Prophet-600 ti Sequential Circuits mọ́ Jupiter-6 ti Roland. Ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣe wọ́n, ọ̀kan láti Amẹ́ríkà, ọ̀kan láti Japan, síbẹ̀ wọ́n tẹ kíì lára ọ̀kan, èkejì dáhùn. Èdè tí àwọn méjèèjì fi gbọ́ ara wọn yé ni MIDI, òun náà la ṣì ń lò. Kì í gbé ohùn rárá, iṣẹ́ ló ń jẹ́: kíì wo ni wọ́n tẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ le tó, ìgbà wo ni wọ́n gbọ́wọ́ kúrò. Nọ́ńbà ló fi ń jíṣẹ́ ọ̀hún, láti 0 dé 127. Kíì C tó wà láàárín dùùrù, 60 ni nọ́ńbà rẹ̀. Bí ẹ bá rọra fọwọ́ kàn án, agbára rẹ̀ lè jẹ́ 25. Bí ẹ bá gbá a, á sún mọ́ 127.

Ìdí tí mo fi sọ gbogbo èyí ni pé owó yín wà níbẹ̀. Bí ọlọ́jà bá ní kíbọ́ọ̀dù MIDI kan “dún” ju èkejì lọ, ẹ bi í pé etí wo ló fi gbọ́ ọ. Ohùn tí ẹ ó gbọ́ lára èyí tó wọ́n jù àti èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lórí àtẹ, ọ̀kan náà ni, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ kọ̀ǹpútà kan náà ni ẹ so wọ́n mọ́. Owó tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi kún RAM láptọ́ọ̀pù, tàbí kí ẹ fi ra íápíìsì ńlá tó ń bo etí.

Kíì mélòó?

Ọjà ní oníkíì 25, 37, 49, 61 àti 88. Ẹni tó ń to bíìtì, tó ń tẹ báàsì lákọ̀ọ́kọ́, tó ń padà wá tẹ ohùn òkè lé e lórí, 25 tó o. Bọ́tìnnì Octave wà lára rẹ̀ tó fi lè gòkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá kan ṣoṣo ní Òkukù, tó jẹ́ pé orí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń kàwé, orí rẹ̀ ló ti ń jẹun, níbo ni kó gbé 61 sí?

Ọ̀rọ̀ yí padà bí ẹ bá ń lu tungba. Ọwọ́ òsì yín ni gìtá báàsì, ọ̀tún ni kọ́ọ̀dù àti èsì tí ẹ ń fọ̀ sí olórin lẹ́nu, ẹni tó ń kọrin náà sì lè ṣàdédé gbé orin lọ sókè láìkìlọ̀. Lórí kíì 25, ọwọ́ méjèèjì á máa gún ara wọn nígbọ̀nwọ́. 49 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. 61 ló tuni lára. 88 dára fún ẹni tó kọ́ piano ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ó wúwo, ọkọ̀ akérò láti Òṣogbo sí Ìkìrun á gba owó ẹrù lórí rẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì ń fẹ́ wáyà iná tiwọn. Àwọn kékeré ń jẹun láti ara láptọ́ọ̀pù: wáyà USB kan náà ló ń gbé iná, òun ló ń jíṣẹ́. Bí iná bá lọ lálẹ́, bátìrì láptọ́ọ̀pù á gbé àwọn méjèèjì, ẹ ó parí iṣẹ́ yín láìfa jẹnẹrétọ̀. Níbi tí à ń gbé, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Ẹ wo fífẹ̀ kíì náà. Akai MPK Mini, Arturia MiniLab, Novation Launchkey Mini, kíì gbogbo wọn kéré ju ti dùùrù lọ. Ó máa ń mọ́ọ̀yàn lára, wàhálà rẹ̀ ni pé ó ń mọ́ni lára jù. Bí ẹ bá lo oṣù mẹ́ta lórí rẹ̀ kí ẹ tó padà sórí kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì, ìka yín á máa já sí àárín kíì méjì. Ẹni tó ń lu níta kó ra oníkíì gidi.

Ìlú kì í ṣe ìlù

Ibí ni èmi àti àwọn tó ń ta ẹ̀rọ kì í ti í gbọ́ra wa yé. Wọ́n á máa fi páàdì tí a ń fi ìka gbá, tó ń tan iná pupa, iná búlúù, hàn yín. Ẹ dá wọn lóhùn pé ó dára, kí ẹ wo ọwọ́ òsì. Kẹ̀kẹ́ kékeré méjì ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá tì í tí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, á padà sí àárín fúnra rẹ̀. Pitch bend nìyẹn. Èkejì, modulation, kì í padà. Ibi tí ẹ bá fi í sí ló ń dúró sí. Fún ẹni tó fẹ́ ṣe orin Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà, pitch bend ju gbogbo páàdì lọ. Ẹ jẹ́ ká dán an wò kí ẹ má bàa ní ojúsàájú ló ń yọ mí lẹ́nu.

Gbogbo wa la kọ́ ọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pé dò, re, mí ni ohùn èdè wa. Ìkìrun: dò, dò, re. Òkukù: dò, re, dò. Kíì funfun méjì péré, C àti D, gbé ìlú méjèèjì yìí dọ́gba. Ẹ wá tẹ “ìlù”: dò, dò. Kò sí wàhálà. Ẹ wá tẹ “ìlú”: dò, mí. Ẹ ó gbọ́ ohùn méjì tí kò mọ ara wọn rí, bí ìgbà tí èèyàn fo àkàsọ̀ kan. Ẹ fẹnu yín pe ìlú, kí ẹ fà á díẹ̀. Ohùn òkè yẹn kò fò. Ìsàlẹ̀ ló ti gbéra, ó ń yọ́ gòkè lọ. Onígángan mọ̀ ọ́n dáadáa: ẹ̀ẹ̀mejì ló máa lu awọ, ìgbà tí kọ̀ǹgọ́ bá kan awọ lẹ́ẹ̀kejì ni yóò fún ọṣán mọ́ra, ohùn á rìn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Kíì nìkan kò lè ṣe èyí láéláé. Kẹ̀kẹ́ yẹn ló lè ṣe é.

Mo gbé ohùn ìlù kan sórí kọ̀ǹpútà, mo pe Bàbá onílù wa. Wọ́n tẹ dò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n fi àtàǹpàkò ti kẹ̀kẹ́ sókè dé òpin. Wọ́n wò mí. “Kò dé ibẹ̀.” Lóòótọ́, kò dé ibẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà, láti ilé tí wọ́n ti ṣe é ni wọ́n ti fún kẹ̀kẹ́ náà ní ìwọ̀n sémítóònù méjì sókè, méjì sísàlẹ̀. Dò sí mí, mẹ́rin ni. Ẹ ti kẹ̀kẹ́ títí kó fẹ́ já, re lẹ ó bá a.

Ọ̀nà àbáyọ méjì ló wà, a sì ṣì ń jà lé e lórí títí di òní. Èyí tí Bàbá fẹ́ ni pé kí a fẹ ìwọ̀n náà. Nínú FL Studio, ẹ ṣí fèrèsé ohùn tí ẹ ń lò, ẹ wá PITCH, ẹ ó rí RANGE lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ yí i láti 2 sí 7. Ẹ wá fi dò ṣe ibi ìsinmi, bí gángan tí a kò tíì fún lọ́ṣán. Gbogbo ìrìn, òkè ló ń lọ. Ó bá ọwọ́ onílù mu, nítorí bí ìlù ṣe ń ṣe nìyẹn. Àléébù rẹ̀ ni pé kẹ̀kẹ́ kò ní ibi tó ti máa dá yín dúró sí re tàbí mí. Etí yín ni yóò máa sọ ibi tí ẹ ó dúró sí. Bàbá kò rí àléébù kankan nínú ìyẹn. Wọ́n ní ọṣán tàwọn náà kò ní ibi ìdádúró.

Tèmi rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì yẹ ọ̀lẹ. Ẹ fi ìwọ̀n sílẹ̀ sí 2 tó wà, ṣùgbọ́n kí ẹ fi re ṣe ibi ìsinmi. Ẹ fi ìka kan sórí D. Bí ẹ kò bá fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́, re nìyẹn. Bí ẹ bá fà á sísàlẹ̀ dé òpin, sémítóònù méjì, dò nìyẹn. Bí ẹ bá tì í sókè dé òpin, mí nìyẹn. Ohùn mẹ́ta, ìdúró mẹ́ta, spring inú rẹ̀ á sì máa dá yín padà sí àárín. “Ìlú” di pé kí ẹ fa kẹ̀kẹ́ sísàlẹ̀, kí ẹ tẹ D lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ wá tì í láti ìsàlẹ̀ pátápátá lọ sókè pátápátá lórí ẹ̀kejì yẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é dáadáa, ọmọ kan tó ń kọjá lọ́nà tún un pè tẹ̀lé mi.

Ìdí tó fi ń dùn létí ni pé MIDI ya kẹ̀kẹ́ yìí sọ́tọ̀. Nígbà tí àwọn yòókù ń ka láti 0 dé 127, òun ní ìṣísẹ̀ 16,384, kí ohùn lè máa yọ́ láìta kọ́sọ́kọ́sọ́.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n fi ń rọ́pò kẹ̀kẹ́ yìí kí ilé iṣẹ́ lè dín àyè kù. MPK Mini fi igi kékeré kan sí i, bíi ti pádì géèmù. Ó ṣeé lò, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò á kọ́kọ́ ṣàṣìṣe. MiniLab àti Launchkey Mini fi ojú pẹrẹsẹ tí ẹ ó máa fi ìka rìn lórí rẹ̀. Bí ọwọ́ bá ti ń làágùn, ìka kò ní rìn geere mọ́. Korg nanoKEY2 àti M-Audio Keystation Mini 32 fi bọ́tìnnì sí i, tí ẹ ó kàn máa tẹ̀. Ẹ má gbé oníbọ́tìnnì fún ọmọ Àyàn láéláé. Kẹ̀kẹ́ gidi wà lára M-Audio Keystation 49 àti Oxygen, ó wà lára Alesis V25 àti V49, ó wà lára Nektar Impact GX49. Èyíkéyìí nínú wọn tí ẹ bá rí ní tòkúnbọ̀ tó ṣì le, mo fọwọ́ sí i.

Akin Euba, onímọ̀ orin wa tó kú ní 2020, tó kọ odindi ìwé lórí dùndún, gbé ohùn ilẹ̀ wa sórí piano ní ọ̀nà mìíràn: ohùn piano kò ṣeé fà gòkè tàbí sísàlẹ̀, nítorí náà ó gbá a mú níbi tó ti jọ ìlù, níbi àlùtúnlù àti gbígbá. Ẹ̀yin ní kẹ̀kẹ́ tí kò sí lára piano rẹ̀, ẹ lò ó.

Ohun kan péré ló kù lórí ohùn. Òkukù ni Karin Barber ti gbọ́ oríkì lẹ́nu àwọn obìnrin tó fi kọ ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1991, irú àwọn tó ń ki oríkì bẹ́ẹ̀ kò sì tíì tán ní agbègbè wa. Bí ẹ bá fẹ́ fi kíbọ́ọ̀dù gbè lẹ́yìn ìyá tó ń ki oríkì, ẹ má ní kí ìyá wá sí orí kíì yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ki oríkì wọn tẹ́rùn, kí ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀, kí ẹ wá dò tí wọ́n ń padà sí. Ó lè bọ́ sí àárín C àti C dúdú. Inú kọ̀ǹpútà ni ẹ ti máa sún ohùn tiyín lọ bá wọn, nítorí ìyá kò ní bọ́tìnnì tí a fi ń tún ohùn ṣe.

Ọwọ́ líle, ọwọ́ rírọ̀

Kíbọ́ọ̀dù tó bá mọ agbára ọwọ́ ni ẹ rà. Gbogbo kíbọ́ọ̀dù MIDI tí mo dárúkọ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n tòkúnbọ̀ lè ti gbàgbé. Abẹ́ kíì kọ̀ọ̀kan ní rọ́bà tó ń kan pátákó. Bí eruku bá wọ ibẹ̀, kíì á máa gbé 127 jáde bí ẹ tilẹ̀ rọra fọwọ́ bà á, tàbí kó má fọhùn rárá. Ẹ tẹ kíì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta: rírọ̀, àárín, líle. Àyẹ̀wò yìí á gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún lórí oníkíì 49. Bí kíì kan bá ń pariwo níbi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, àìsàn rẹ̀ nìyẹn. Ó ṣeé tú, ó ṣeé nù, ṣùgbọ́n ẹ fi já owó rẹ̀ wálẹ̀.

Páàdì wúlò fún agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti omele, mi ò ní kí ẹ má fẹ́ ẹ. Mo kàn ní kíì ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Nọ́ọ̀bù tó ń yí, ẹ ó lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ó gbàgbé rẹ̀. Ihò pẹ́dálì ẹsẹ̀ ni kí ẹ má gbójú fò bí ẹ bá ń lu orin ìjọsìn. Àwọn oníkíì 25 kan kò ní in.

Bí ohùn bá ń pẹ́

Ọmọkùnrin kan láti Inísà gbé kíbọ́ọ̀dù tuntun wá bá mi, ó ní ó ti bàjẹ́: “Ẹ̀gbọ́n, mo tẹ̀ ẹ́ báyìí, ìgbà tó bá wù ú ló ń dáhùn.” Kíbọ́ọ̀dù kò ṣẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í fọ ohùn jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ń kó o jọ sínú apẹ̀rẹ̀ kí ó tó dà á síta, buffer ni wọ́n ń pe apẹ̀rẹ̀ náà. Bí apẹ̀rẹ̀ bá gba ẹyọ ohùn 2,048, tí kọ̀ǹpútà ń ka ẹyọ 44,100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ohùn á pẹ́ tó ìdá 46 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Etí olórin á gbọ́ ọ. Ẹ dín in sí 256, á di bíi 6, ẹnikẹ́ni kò ní fura mọ́. Lórí Windows, ẹ wọ Audio settings nínú FL Studio, ẹ yan FL Studio ASIO tàbí ASIO4ALL, kí ẹ fa ìlà buffer wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ohùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta páù-páù, apẹ̀rẹ̀ ti kéré jù fún láptọ́ọ̀pù yín nìyẹn, ẹ gbé e padà sókè díẹ̀. Ọmọ Inísà gbé kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ lọ pẹ̀lú ẹ̀rín, kò san kọ́bọ̀.

Ẹni tí kò ní láptọ́ọ̀pù kò gbọdọ̀ sọ̀rètí nù. Láti Android 6.0 ti ọdún 2015 ni fóònù ti ń gbọ́ MIDI, FL Studio Mobile sì wà fún Android. Wáyà OTG kékeré ni ẹ ó fi so wọ́n pọ̀. Ẹ ra kíbọ́ọ̀dù kékeré tí kò jẹ iná púpọ̀, nítorí bátìrì fóònù ló ń bọ́ ọ. Ẹni tó bá ń tan iná sí páàdì mẹ́rìndínlógún, ìpè ìyàwó rẹ̀ kò ní wọlé mọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Níbi tí ẹ ó ti rà á

Láti Òkukù, ẹ ó gba Inísà àti Ìkìrun kọjá kí ẹ tó dé Òṣogbo, ibẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wò. Bí kò bá sí, Ìbàdàn, tàbí Alaba ní Èkó. Mo mọ̀ pé wẹ́bíìlì rọrùn, èmi náà lò ó. Bí ẹ bá máa lò ó, ẹ ní kí ọlọ́jà fi fídíò pè yín, kó so kíbọ́ọ̀dù mọ́ kọ̀ǹpútà lójú yín, kó tẹ gbogbo kíì, kó ti kẹ̀kẹ́ pitch bend kó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ bá padà, ṣùgbọ́n tí ohùn kò padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ẹ má rà á.

Tuntun máa ń bá sọ́fítíwíà wá, Ableton Live Lite tàbí irú rẹ̀, nípasẹ̀ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń forúkọ sílẹ̀. Tòkúnbọ̀, ẹni tó kọ́kọ́ ni ín lókè òkun ti lo nọ́ńbà yẹn. Ẹ má san owó sọ́fítíwíà fún ọlọ́jà tòkúnbọ̀, bó ti wù kí páálí rẹ̀ mọ́ tó. Bí ẹ bá ń fi FL Studio ọ̀fẹ́ kọ́ṣẹ́, ẹ mọ̀ pé ó ń jẹ́ kí ẹ fi iṣẹ́ pamọ́, kò kàn ní jẹ́ kí ẹ ṣí i padà. Nítorí náà ẹ sọ ọ́ di WAV kí ẹ tó pa kọ̀ǹpútà.

Ibi tí wọ́n ki wáyà USB bọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kú. Ẹ fi ọwọ́ mi wáyà náà jẹ́jẹ́ bó ṣe ń dún. Bí iná bá ń kú tó ń jí, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù yín lọ, ẹ gbé wáyà tiyín lọ, nítorí wáyà tí ọlọ́jà á fi dán an wò lè má bá yín délé. Ẹ lọ láàárọ̀, kí etí ọjà tó kún, kí ẹ lè gbọ́ ohun tí ẹ ń tẹ̀. Ẹ tẹ re, ẹ fà á sí dò, ẹ tì í sí mí, kí ẹ pe ìlú. Bí ọlọ́jà bá ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án kí ẹ tó sanwó, ẹ ní ẹ kú ọjà o, kí ẹ wọ mọ́tò Ìkìrun padà.